Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Kọ̀ Tí Kò Tàn Mọ́

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ará Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ni, kí ẹ sì ṣí ojú-ewé mìíràn. Láti ọdún 1992 ni ilé-ẹ̀kọ́ Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ẹdẹ. Yunifásítì Adélékè dé ní 2011. Yunifásítì Redeemer náà sì fi ìlú yìí ṣe ibùjókòó. Ní 2013 ni ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, láti 2015 ni JAMB sì ti kó gbogbo ìdánwò àṣewọ yunifásítì sórí kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí ilé tí kò ní ju àga mẹ́rin lọ fi lè ní kọ̀ǹpútà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tọ́kunbọ̀, tí ẹ̀gbọ́n fi ka ìwé ní Pólì, tí àbúrò sì ń fi múra ìdánwò JAMB.

Owó tí a fi ra kọ̀ǹpútà kéré sí ohun tí a kó sínú rẹ̀. Ìwé àṣekágbá ọmọ tí ó ku oṣù kan kí ó jáde wà níbẹ̀. Ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ìyá tí ń ta aṣọ ní ọjà Tìmì wà níbẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán ìsọmọlórúkọ, ohùn bàbá àgbà tí ó ti dolóògbé, tí a gbà sílẹ̀ níbi tí ó gbé ń ka Kùránì, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Tàbí kí ó tàn, kí ó kọ ọ̀rọ̀ funfun sójú dúdú, kí ó sì dúró gbọn-in síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun kan tí àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àìsàn kọ̀ǹpútà ni ó ń pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwa onílé bá ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ ni. Ẹnì kan á máa gbá a ní ẹ̀gbẹ́. Ẹlòmíràn á gbé e tọ ọmọkùnrin kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọmọ náà á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, màmá, a ó kàn fọ́màtì rẹ̀ ni." Màmá á ní kí ó ṣe é, láìmọ̀ pé kí a fọ́màtì kọ̀ǹpútà ni kí a nu ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ nù, bí ọmọ iléekéwú ti ń fọ wàláà rẹ̀. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ á lọ gba ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní òun yóò gbá kọ̀ǹpútà náà mọ́, òun yóò sì sọ ọ́ di titun. Nítorí náà, bí kò bá tàn, iná ni kí ẹ wò. Bí ó bá tàn tí kò ṣí, ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó dán ohun ńlá wò. Ọ̀rọ̀ gbígbá ni kí ó gbẹ̀yìn.

INÁ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Ẹ mọ bí iná mànàmáná wa ti rí. Yóò lọ lọ́sàn-án, yóò sì dé lóru pẹ̀lú agbára tí gílóòbù fi ń tàn yòò bí oòrùn. Agbára òjijì yìí ni ọ̀tá kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ níbi tí ẹ gbé ń ṣiṣẹ́, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó kì í padà. Ẹni tí ó bá ní agbára àtira stabiláísà, kí ó rà á. Owó rẹ̀ kò tó owó kọ̀ǹpútà mìíràn.

Bí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ ki ṣájà fóònù bọ ihò iná kan náà, kí ẹ rí i bóyá iná ń wọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí ènìyàn ń san owó mọ́tò gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Òṣogbo, tí ó sì jẹ́ pé ihò iná ògiri ilé rẹ̀ ni ó jóná. Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ fa ṣájà rẹ̀ yọ. Bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ó ṣeé yọ, ẹ yọ òun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, láì gbé ọwọ́ kúrò. Iná tí ó há sínú rẹ̀ ni ẹ ń fà dànù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ki ṣájà nìkan bọ̀ ọ́, kí ẹ tàn án wò. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti sọ pé ó kú ni ó ń jí báyìí. Bí ó bá tàn láìsí bátìrì, tí ó sì tún kọ̀ nígbà tí ẹ dá bátìrì padà, ẹ ti mú olè: bátìrì ni.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tí ó ní àpótí ńlá, ní bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn, níbi tí wáyà iná gbà wọlé. Àwọn ọmọdé a máa pa á bí wọ́n bá ń ṣeré. Ojú rẹ̀ náà ní wáyà iná tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú nìkan ni kò tàn, tí àpótí ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ra tọ́kunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ fara balẹ̀ gidigidi. Iná tiwọn jẹ́ 120, tiwa jẹ́ 230. Lẹ́yìn àwọn àpótí àtijọ́ kan, bọ́tìnnì pupa kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà lórí 115 tí ẹ sì kì í bọ iná ilé wa, ariwo kan ṣoṣo ni ẹ ó gbọ́, òórùn á sì tẹ̀lé e.

Ó sì lè jẹ́ pé kò dákẹ́, ó ń ké ni. Ẹ̀yin ará ìlú Tìmì Adétóyèsè Láoyè, ẹni tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, tí a sì mọ̀ mọ́ ìlù dùndún nílé lóko, ẹ kò ní í gbọ́ ohùn kí ẹ má béèrè ohun tí ó ń wí. Ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí a bá kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà, kí Windows tó jí rárá, ètò kékeré kan wà nínú pátákó rẹ̀ tí ń ka àwọn ará ilé: ṣé RAM wà, ṣé ojú wà, ṣé kíbọ́ọ̀dù wà? Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, tí kò sì rí ojú tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ké pí, pí. Iye ìgbà tí ó ké, àti bí igbe kọ̀ọ̀kan ti gùn tó, ni èdè rẹ̀. Ti Dell yàtọ̀ sí ti HP. Ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wo ìtumọ̀ rẹ̀ lórí ojúlé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. RAM ni ó máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tí etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ó lè mì kúrò ní àyè rẹ̀ bí a bá gbé kọ̀ǹpútà gba ọ̀nà gbágungbàgun. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tú fa wáyà iná yọ, kí ó fọwọ́ kan irin ná kí iná ara rẹ̀ lè lọ, kí ó yọ RAM náà, kí ó fi rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa nǹkan rẹ́ nu etí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún kọ́.

Ẹ wo aago rẹ̀ pẹ̀lú. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ní kí ẹ tẹ F1 ní àràárọ̀, tí ọjọ́ inú rẹ̀ sì ń padà sí ọdún tí ó ti kọjá, bátìrì kékeré kan tí ó rí roboto bí owó ẹyọ, tí a ń pè ní CR2032, ni ó ti tán. Aago tí kò tọ̀nà yìí ni ó ń jẹ́ kí ojúlé báǹkì àti ti ilé-ìwé kọ̀ láti ṣí, nítorí wọ́n a máa wo ọjọ́ kí wọ́n tó gba àlejò. Ènìyàn lè ti ìdí èyí rò pé fáírọ́ọ̀sì ni, kí ó lọ fi owó ńlá ra oògùn fáírọ́ọ̀sì, nígbà tí ó jẹ́ bátìrì tí kò tó nǹkan ni ó nílò.

Nípa eruku, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé láti oṣù Kọkànlá, ohun tí ẹ ń gbá lórí tábìlì láràárọ̀ ni fáànù kọ̀ǹpútà ń fà mì. Bí ó bá ń tàn tí ó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí abẹ́ rẹ̀ sì gbóná bí ààrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú fáànù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nù ún. Ẹ má sì gbé láptọ́ọ̀pù sórí ibùsùn. Aṣọ a máa dí ihò tí ó fi ń mí.

Ó TÀN, ṢÙGBỌ́N KÒ ṢÍ

Èyí ni ó gba sùúrù. Bí ó bá kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi jí, kí ẹ tó pariwo, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá fíláàṣì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè máa wá Windows nínú fíláàṣì tí ó kún fún wáàsí àti orin. Ẹ fà á yọ, kí ẹ tún tàn án.

Ohun kejì ni kí ẹ gbé etí sí i. Bí ẹ bá ń gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́ láti inú rẹ̀, háàdì dísíkì ni ó ń kú lọ, ohun gbogbo tí ẹ ní sì wà lórí rẹ̀. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe máa tàn án wò ní ìgbà ogún. Bí ẹ ti ń tàn án ni ó ń fi orí ha ara. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ bí a ti ń yọ ẹrù inú dísíkì, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹrù inú rẹ̀ ni ẹ ń wá, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Bí kò bá sí irú ohùn bẹ́ẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Windows 10 àti Windows 11 ní ìwòsàn tiwọn nínú. Bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, wọn yóò gbé ojú búlúù kan jáde tí a kọ Troubleshoot sí, àti Advanced options lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni Startup Repair wà, tí ń tún ọ̀nà jíjí ṣe. System Restore, tí ń dá Windows padà sí bí ó ti rí níjelòó, láìfọwọ́ kan àwòrán àti ìwé yín. Àti Startup Settings, níbi tí a ń gbà wọ Safe Mode. Safe Mode ni kí kọ̀ǹpútà jí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí kò lè ṣe aláìní. Bí ẹ bá ti wọ ibẹ̀, ẹ má tíì tún ohunkóhun ṣe. Ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ da ìwé àṣekágbá ọmọ yẹn kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni àtúnṣe.

Kí ẹ lè mọ̀ pé àìsàn tí ó dẹ́rù bani lè ní ìwòsàn kékeré, ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike, tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, fi fáìlì kan tí ó ní àbùkù ránṣẹ́ sí wọn. Kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ni ó dàrú káàkiri ayé. Bàálù kò lè gbéra, báǹkì àti ilé ìwòsàn ń wá ọ̀nà àbáyọ. Kí ni oògùn rẹ̀? Wọ́n wọ Safe Mode, wọ́n pa fáìlì kan ṣoṣo yẹn rẹ́. Bí àwọn wọ̀nyẹn kò bá ní láti fọ́màtì, kí ni ó dé tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ní Ẹdẹ?

Bí Safe Mode náà bá kọ̀, ọ̀nà kù. A lè yọ dísíkì náà, kí a fi sínú àpò kékeré kan tí ó ní wáyà USB, kí a kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni ki fíláàṣì, ẹrù á sì jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè dí èyí lọ́wọ́: àwọn láptọ́ọ̀pù titun púpọ̀ a máa ti dísíkì wọn pa pẹ̀lú àgádágodo tí a ń pè ní BitLocker, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì jẹ́ òǹkà 48. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tí ó kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà náà ni ó sábà máa ń wà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ ní kí ọmọ wá òǹkà yìí jáde, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Bí ó bá sì di dandan kí ẹ gbé e fún alátùn-únṣe, ẹ sọ ọ́ kedere, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn: "Ẹ kò gbọdọ̀ fọ́màtì rẹ̀ láì béèrè." Bí ó bá mẹ́nu kan Reset this PC, ẹ béèrè èyí tí ó fẹ́ tẹ̀. Méjì ni wọ́n: Keep my files, tí ń fi ìwé yín sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ń kó àwọn ètò tí ẹ fi kún un lọ, àti Remove everything, tí ń kó tọmọ-tìyá. Alátùn-únṣe rere kò ní í bínú sí ìbéèrè yìí.

AGBÁLẸ̀ TÍ Ń KÓ ẸRÙ LỌ

Ó ku èyí tí ó jí, ṣùgbọ́n tí ó ń rìn bí ìgbín, tí ẹ lè tàn án kí ẹ lọ ṣe àlùwàlá kí ẹ padà dé kí ó tó ṣí. Irú kọ̀ǹpútà yìí ni àwọn oníṣòwò agbálẹ̀ ń wá. Ẹ ó máa ka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pátákó pupa kan á fò jáde: kọ̀ǹpútà rẹ ní àṣìṣe 1,274, tẹ ibí kí a gbá a mọ́!

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ta ni ó kà á? Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà mú ilé ìtajà Office Depot àti ilé-iṣẹ́ Support.com. Wọ́n ń lo ètò kan tí a ń pè ní PC Health Check láti yẹ kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò náà á kọ́kọ́ bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé ó ń falẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti dá ọ̀kan péré lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ètò náà á ní òun rí àmì fáírọ́ọ̀sì, ohun yòówù kí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì tà á ní àtúnṣe tí ó lè tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta dọ́là. Mílíọ̀nù 25 dọ́là ni Office Depot san, Support.com san mílíọ̀nù 10. Ní 2024, àjọ kan náà mú Restoro àti Reimage, tí ń ta ètò àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Àwọn yìí a máa gbé pátákó ìkìlọ̀ jáde bí ẹni pé Windows ni ó ń sọ̀rọ̀. Mílíọ̀nù 26 dọ́là ni tiwọn. Bí a bá lè fi èyí mú àwọn tí òfin wọn mú bí abẹ, kí ni kí a sọ nípa àwa tí a ń gba ètò láti ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí lórí WhatsApp?

Àní, olódodo pàápàá lè kó sí wàhálà. CCleaner jẹ́ agbálẹ̀ tí ó lókìkí. 2004 ni ó ti wà, ilé-iṣẹ́ Piriform ní London ni ó ṣe é. Ní ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ inú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì ki májèlé bọ inú ẹ̀dà rẹ̀ tí a ń pè ní 5.33. Kí wọ́n tó mọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ó ti dé orí kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 2.27. Láti ojúlé gidi ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti gbà á. Wọn kò ṣe àìgbọràn kankan. N kò sọ èyí kí ẹ lè sá fún CCleaner títí ayé, a ti fọ̀ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé agbálẹ̀ a máa gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá lọ́wọ́ yín kí ó tó gbálẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a gbà á sílé bí kò bá sí iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ wo ni ó sì kù fún un? Ohun tí ó ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀ nígbà tí ó bá ń jí ni ọ̀pọ̀ ètò tí ń jí pẹ̀lú rẹ̀, bí ilé tí ogún ọmọ ń du balùwẹ̀ kan. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ wá ibi tí a kọ Startup sí, kí ẹ pa èyí tí ẹ kò nílò ní àárọ̀. Pípa yìí kò yọ ètò náà kúrò. Ìgbà tí ẹ bá pè é ni yóò dìde. Ní ti ìdọ̀tí, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ System, lẹ́yìn náà Storage, kí ẹ ṣí Temporary files. Windows fúnra rẹ̀ yóò fi pàǹtí hàn yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: Downloads wà lára ohun tí ó ń tò sílẹ̀, inú Downloads sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ń fi ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má fi àmì sí i. Ní ti àwọn tí ń sọ pé àwọn yóò gbá registry, tí í ṣe ìwé ìrántí tí Windows fi ń rántí ibi tí ohun gbogbo wà, Microsoft fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí lílo wọn. Ojú-ewé kan tí wọ́n bá ṣì ya, ó lè jẹ́ ìdí tí kọ̀ǹpútà tí ń falẹ̀ lánàá kò fi ní í ṣí rárá lónìí. Bí fáírọ́ọ̀sì bá sì ń bà yín lẹ́rù, Microsoft Defender wà nínú Windows láìgba kọ́bọ̀.

Èmi a máa sọ pé kí ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bíi ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, tí àwọn ọmọ yóò da ohun pàtàkì kọ sínú fíláàṣì kan àti sórí àkáǹtì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fíláàṣì nìkan kò tó, nítorí ó ń sọnù. Kí wọ́n sì máa ṣí ẹ̀dà náà wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó má jẹ́ pé àpótí òfìfo ni à ń tọ́jú.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra láti ra tọ́kunbọ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé, ẹ rántí pé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní gbogbogbòò. Windows 11 kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni ó sábà ń gbà, ó sì gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0. Níwájú ẹni tí ń tà á, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ tún tàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wo aago rẹ̀ bóyá ọjọ́ òní ni ó kọ. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ tpm.msc, kí ẹ tẹ Enter. Bí ẹ kò bá rí 2.0 níbẹ̀, ẹ ní kí ó gbé òmíràn wá.